Quincy Jones àti Àwo Orin Tí Ó Pè Ní The Dude

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùwòran wa. Ní ọdún 1981 ni Quincy Jones, ọmọ bíbí ìlú Chicago tí ó ti ìdí fèrè fífọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin, gbé The Dude jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ A&M. Orúkọ tirẹ̀ ni ó wà lára páálí àwo náà, síbẹ̀ ohùn àwọn ẹlòmíràn ni ó gba etí ẹni jù: Patti Austin, James Ingram, àti àwọn elégbè tí Michael Jackson wà lára wọn. Kí wá ni iṣẹ́ ẹni tí ó ni àwo? Òun ni ó mọ ẹni tí orin kọ̀ọ̀kan yẹ, tí ó sì mọ ibi tí olúkúlùkù yóò ti wọlé.

Ẹ wo ti Ingram. Dọ́là 50 ni wọ́n san fún un kí ó fi ohùn rẹ̀ kọ orin “Just Once” bí àpẹẹrẹ lásán, kí àwọn tí ó ṣẹ̀dá orin náà, Barry Mann àti Cynthia Weil, lè rí ohun tí wọn yóò fi polówó rẹ̀. Nígbà tí Jones gbọ́ ọ, kò wá olókìkí kankan lọ. Ẹni tí ó kọ àpẹẹrẹ náà gan-an ni ó ní kí ó wá kọ ọ́. Ní 1982, Ingram gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy fún “One Hundred Ways” tí ó wà nínú àwo yìí kan náà, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì ní àwo kankan.

Ní tèmi, “Velas” ni ọba gbogbo wọn. Ivan Lins ará Brazil ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀, Toots Thielemans ará Belgium sì ń fi súfèé àti hàmóníkà gbé orin náà lọ, pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, bí ẹni tí ó ń dá rìn ní etí òkun lálẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwo yìí dán jù. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí lábẹ́ dídán yẹn ni Louis Johnson wà, tí ó ń fi àtàńpàkò gbá okùn gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ títí ara yóò fi gbọ̀n, tí Bruce Swedien, onímọ̀ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, sì gbà á sílẹ̀ ketekete. Ní ọdún kejì, Jones kó púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí lọ sídìí Thriller, àwo orin Michael Jackson. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ nínú “Billie Jean”, ọ̀kan lára àwọn orin inú àwo yẹn, Louis Johnson yìí náà ni ó ta á.