Ẹ Má Tíì Ju Láptọ́ọ̀pù Yẹn Nù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo bá wá, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa rà ní Computer Village, Ìkẹjà. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sórí Windows 11, wọ́n ní kí ẹ̀rọ rẹ̀ ní TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò inú ẹ̀rọ; bó bá sì jẹ́ CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) ti Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni wọ́n sábà máa ń gbà. Bí ẹ̀rọ tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pé, tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere, ṣe di ohun tí wọ́n ń pè ní òkú nìyẹn. N ò gbà. Kò kú.

Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ bíi Windows, ni kí a gbé sórí rẹ̀. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì ti ń lò ó láìmọ̀, torí òun ló wà nísàlẹ̀ Android inú fóònù yín. Nínú ẹ̀yà rẹ̀ tó pọ̀ lọ jàra, Linux Mint ni mo máa ń yàn fún ẹni tí Windows ti mọ́ lára: ráàmù 2GB ló kéré jù tó ń béèrè, 4GB ló sì máa tù ú lára.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ háàdì díìsìkì àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, Linux nìkan kò lè mú un yára. Ẹ ṣí System Monitor, ètò inú Mint tó ń fi iṣẹ́ ẹ̀rọ hàn, nígbà tó bá ń wọ́: bí CPU kò bá ṣe nǹkan gúnmọ́, tí iná díìsìkì sì ń ṣẹ́jú láìdákẹ́, díìsìkì ló ń fà á sẹ́yìn. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi SSD, díìsìkì ìgbàlódé tí kì í yí, sí i. Nínú gbogbo owó tí èèyàn lè ná sórí ẹ̀rọ tó ti dàgbà, n ò rí èyí tó lérè tó o.

Ẹ kọ́kọ́ kọ Mint sórí fláàṣì 8GB, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ F12, ti àwọn mìíràn F9 tàbí Esc ni, kó ṣí láti orí fláàṣì. Kò ní fọwọ́ kan ohun tó wà nínú díìsìkì yín. Ẹ yẹ ohùn, kámẹ́rà àti Wi-Fi wò níbẹ̀. Kí ẹ tó wá tẹ Erase disk láti gbé Mint wọlé, ẹ da fáìlì yín sí ibòmíràn, torí gbogbo rẹ̀ ló máa lọ.

Wi-Fi ló máa ń dààmú èèyàn jù, pàápàá èyí tí ilé iṣẹ́ Broadcom ṣe: ẹ ó gbé Mint wọlé tán, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo kò ní yọjú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa á tì. Ẹ fi okùn USB so fóònù Android yín mọ́ láptọ́ọ̀pù, kó jẹ́ okùn tó lè gbé fáìlì o, torí iná nìkan ni àwọn kan ń gbé. Ẹ tan USB tethering lórí fóònù, dátà rẹ̀ á gba inú okùn wọlé. Ẹ ṣí Driver Manager, ẹ mú dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Wi-Fi ṣiṣẹ́) tó bá gbé síwájú yín, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn.

Ẹni tó ń fi Photoshop tàbí AutoCAD jẹun, mi ò ní tàn án: àwọn méjèèjì kò ní ẹ̀dà ti Linux. Kó dúró sórí Windows. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òǹkọ̀wé, LibreOffice tó bá Mint wá á ṣí fáìlì Word wọn. Ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá, ẹ wá Nigeria nínú ètò kíbọ́ọ̀dù. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ kò ní dáúnlóòdù ohunkóhun.