Àpò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí maikirofóònù lónìí, kò sí àlejò. Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, òtútù Minnesota yìí náà ò sì jẹ́ kéèyàn gbádùn, torí náà tóhùn mi bá há díẹ̀ ẹ fara dà á. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ kí oorun tó gbé mi lọ.

Ọ̀rọ̀ ìbò ni, ìbò Làìbéríà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Brooklyn Park níbí mọ̀ pé àwọn ará Làìbéríà pọ̀ láàárín wa gan-an. Màmá kan wà tá a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn, Mama ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Lóru ọjọ́ kan, àwọn arúgbó ti sùn, àwa méjèèjì jókòó sí yàrá tá a ti máa ń jẹun, ni mo bá la ẹnu mi sọ nǹkan tí mo ti ń sọ láti kékeré. Mo ní, "Mama, ẹ̀yin náà lẹ ṣe ara yín o, ọwọ́ ara yín lẹ fi dìbò fún Charles Taylor."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. December 1989 ni Taylor kó àwọn ọmọ ogun ẹ̀ gba ẹnubodè Côte d'Ivoire wọ Nimba ní Làìbéríà, ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ogun jà, ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ ń bí ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀, àwọn sójà ECOMOG, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kó jọ, lọ síbẹ̀, tiwa ní Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ṣàdéhùn títí ó fi sú èèyàn, wọ́n ṣe kan ní Abuja ní 1995, ó tú, wọ́n tún un ṣe ní 1996, ìyẹn ló wá bí ìbò July 19, 1997. Ẹni tó kó ogun wọ̀lú gan-an ló gba nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ellen Johnson Sirleaf tó ṣe ipò kejì ò gbà ju bí 10 lọ. Orin tí wọ́n ń kọ kiri ìgboro nígbà yẹn ni pé ó pa ìyá mi, ó pa bàbá mi, òun náà ni mo máa dìbò fún.

Àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré la máa ń pè wọ́n, wà lára àwọn sójà tó ṣọ́ ibi ìdìbò lọ́dún yẹn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun rárá, àmọ́ wọ́n sọ fún wa lẹ́ẹ̀kan pé ìlà yẹn dákẹ́ bí ilé tí aláìsàn ń sùn sí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi ti gbà lọ́kàn mi pé àwọn èèyàn yẹn ò gbọ́n, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀ fún bí ogún ọdún, ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Mama ò bínú. Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù tíì wọn kalẹ̀, wọ́n ní, "Èmi náà dìbò fún un." Ara mi bù máṣọ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tẹ́nì kan bá fọ̀bẹ sọ́mọ ẹ lọ́rùn, tó wá bi ẹ́ pé ta ló ni ilé yìí, kí lo máa sọ?" Àwọn ọmọ ogun Taylor ló pa ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin níbi tí wọ́n ta okùn dí títì. Wọ́n mọ ẹni tó pa á. Wọ́n tún mọ̀ pé tí Taylor ò bá wọlé, igbó ló máa padà sí, ìbọn ṣì wà níta, rédíò tó ń dún káàkiri, tiẹ̀ ni, owó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìbò tí wọ́n dì yẹn, oorun ni wọ́n fi rà.

Oorun náà ò sì pẹ́. Nígbà tó fi máa di 1999 ogun ti tún dé. Ní July 2003 bọ́ǹbù ń já sáàárín ìgboro Monrovia, àwọn èèyàn gbé òkú lọ tẹ́ síwájú ẹ́ńbásì Amẹ́ríkà kí ayé lè rí i. Ẹ rántí pé August ọdún yẹn ni Taylor gbéjọba sílẹ̀ tó wá sí Calabar. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà, tí Leymah Gbowee ṣáájú, ti jókòó sínú oòrùn àti òjò lẹ́bàá ọjà ẹja kó tó dìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ tiwọn tó sọ fún odindi ọjọ́ kan, màá padà sí i lọ́jọ́ mìíràn.

Ó wá di 2005. Wọ́n ní ẹ wá dìbò. Ta ló máa gbà? Iná ìjọba ò sí ní Monrovia. Olùdíje 22 ló ń du ipò ààrẹ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Àmọ́ Mama lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn obìnrin kan ń báni jókòó ti ọjà nídìí àtẹ kí ìyá ọlọ́jà lè lọ gba káàdì. Aago 4 ìdájí October 11 ni wọ́n kúrò nílé.

Ohun tí wọ́n wá sọ tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìbò, àwọn di ẹrù. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ni. Wọ́n kó ìrẹsì díẹ̀ sí i, iyọ̀, ìṣáná, aṣọ àwọn ọmọ, sálúbàtà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan torí pé ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi sáré ní 1990, àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Wọ́n so ẹnu ẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n wá lọ dúró sórí ìlà.

Mo bi wọ́n pé Mama, ṣé ẹ gba ìbò yẹn gbọ́ àbí ẹ ò gbà á gbọ́? Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo bèèrè nǹkan tí ò nítumọ̀. Wọ́n ní àwọn dìbò, àwọn di ẹrù. Pẹ̀lú ọwọ́ kan náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, látìgbà yẹn, tí mo bá ti gbọ́ tẹ́nì kan sọ nípa ìlú tó ń ti ogun bọ̀ pé ìbò wọn, ojú ayé lásán ni, mi ò lè kàn mi orí mọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣiyèméjì o! Ẹ ṣiyèméjì dáadáa. Ẹ bèèrè pé ta ló ṣì ń gbébọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1997 àti 2005 nìyẹn: ní 2005, sójà UN bí 15,000 wà nílẹ̀, àwọn tí wọ́n ti kó lára àwọn oníjà wá síbi ìgbébọnsílẹ̀ ju 100,000 lọ, ẹni tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ò sì sí nílùú. Síbẹ̀ náà, Prince Johnson, ọ̀gá ọlọ́tẹ̀ kan tí fídíò gbé jáde tó ń mu bíà nígbà tí wọ́n ń gé etí Samuel Doe, ààrẹ tí Taylor gbógun tì, òun náà wọlé ìbò yẹn, ó di sẹ́nétọ̀ fún Nimba, ipò yẹn ló wà títí tó fi kú ní 2024. Ẹni tó bá rí ìyẹn tí ò ṣiyèméjì, ojú ẹ̀ ò ríran ni.

George Weah, agbábọ́ọ̀lù yẹn, ló ṣáájú nínú ìpele àkọ́kọ́ ìbò 2005, nígbà tó di November 8 Sirleaf borí ẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 59, àwọn alátìlẹyìn Weah tú síta pé wọ́n ṣèrú, òkò fò, tíágáàsì bú. Mama ní bàtà wà lẹ́sẹ̀ àwọn lórí bẹ́ẹ̀dì. January 2006, tí wọ́n búra fún Sirleaf, wọ́n tú àpò, wọ́n kó ìrẹsì jáde, wọ́n sè é fáwọn ọmọ. Sálúbàtà àti ìwé ọjọ́ ìbí, wọ́n dá wọn padà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí ní 2009, àbúrò wọn obìnrin ni wọ́n fi àpò náà sílẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí n sáré dé 2023. Sirleaf ti gbé ìjọba fún Weah ní January 2018, irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti 1944, pé ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn gbé e fún ẹlòmíì tí wọ́n dìbò yàn láìsí ìjà. Weah àti Joseph Boakai wá jọ dé ìpele kejì, Boakai gba ìdá 50.64, Weah gba 49.36, ìbò bí 20,000 péré ló wà láàárín wọn. Ìlú mìíràn, iná ni. Ní November 17, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ti ṣú ní Monrovia, Mama gbé fóònù sórí tábìlì, à ń gbọ́ rédíò tiwọn, Weah bọ́ sí i pé òun ti pe Boakai, òun ti kí i kú oríire, wọn ò tíì ka ìbò tán gan-an.

Mama pe àbúrò wọn lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í, wọn ò tiẹ̀ kí i, wọ́n ní, "Ṣé o ti di ẹrù?" Àbúrò wọn dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, mò ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé lẹ́yìn ẹ̀, ó wá ní, "Ẹrù wo?"

Mama da fóònù délẹ̀, wọ́n bo ojú. Ojú wọn ò gbẹ títí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.