Táyà Sípéà Kọ́ Ni Igbákejì Ààrẹ

RÓNKẸ́: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Túndé, bí olùdíje ààrẹ ṣe ń mú igbákejì la fẹ́ sọ lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn ò tíì kúrò nínú mi.

TÚNDÉ: Mo mọ̀. Ẹ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ wà ní ṣíìfù.

RÓNKẸ́: Mo wà lórí bréèkì! Ẹ gbọ́ ná. Òde ọjọ́ ìbí 60 ọdún ni, àwa mẹ́jọ lórí tábìlì kan. A ń sọ ti ìdìbò 2027, ta ni wọ́n máa fi ti ta ni. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, tí wọ́n ti wà ní London yìí kí èmi tó dé, wọ́n ní, "Rónkẹ́, kí ló ń dà ẹ́ láàmú? Igbákejì ò já mọ́ nǹkan kan. Táyà sípéà ni." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí.

TÚNDÉ: Ni ẹ bá gbé kúlà oúnjẹ yín sínú ọkọ̀ Bàbá náà, ó di ilé.

RÓNKẸ́: Túndé, má dá ọ̀rọ̀ kúlà sílẹ̀.

TÚNDÉ: Mi ò sọ nǹkan kan o.

RÓNKẸ́: Jẹ́ n sọ̀rọ̀! Oṣù Kọkànlá 2009, Ààrẹ Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi, kò kọ lẹ́tà sílé aṣòfin. Ìlú ní olórí, ìlú ò ní olórí. Ó di oṣù Kejì 2010 kí àwọn aṣòfin tó fi Jonathan, igbákejì ẹ̀, ṣe adelé. Nígbà tó di 5 oṣù Karùn-ún, Yar'Adua kú. Gómìnà Bayelsa tí wọ́n fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 2007 ló jókòó sórí àga yẹn títí di 2015. Ọdún márùn-ún! Kí wọ́n wá máa pe ìyẹn ní sípéà? Buhari náà ńkọ́? Ní 2017, London wa níbí ló wà fún ohun tó lé ní 100 ọjọ́. Ta ló di ìlú mú? Osinbajo, igbákejì ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS dí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin l'Ábújá, òun tó ń delé ló lé ọ̀gá wọn, lọ́jọ́ náà gan-an.

TÚNDÉ: Ìyẹn rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò tíì wọlé, ta ló fẹ́ delé fún un? Òfin ò ní kéèyàn kàn ní ibo tó pọ̀ jù. Ó tún gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ibo ní ó kéré tán ìpínlẹ̀ 24. Èèyàn kan ò lè ti ẹ̀yìnkùlé bàbá ẹ̀ rí ìyẹn. Awólọ́wọ̀ mú Philip Umeadi ní 1979, ọmọ Igbo, Kristẹni bíi tiwọn, ará gúúsù bíi tiwọn. Ṣé ìyẹn lè bá wọn wá ibo dé Sokoto?

RÓNKẸ́: Ní 1983 ńkọ́? Ṣebí Muhammadu Kura ni wọ́n mú, ará òkè Ọya. Ṣé wọ́n wá wọlé?

TÚNDÉ: Háà, 1983! Ẹ jọ̀ọ́, tá a bá débẹ̀, ibí la máa sùn.

RÓNKẸ́: Mo ní iṣẹ́ ní aago méje.

TÚNDÉ: Ẹ wo MKO Abíọ́lá ní 1993. Òun àti Kingibe, igbákejì tó mú, Mùsùlùmí méjèèjì, wọ́n na Tofa tí wọ́n jọ díje ní Kano, ilé Tofa gan-an!

RÓNKẸ́: O ti mú mi débi tí mò ń lọ! Màmá mi, ìyá ìjọ, dìbò fún wọn, ẹ̀sìn ò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni Kingibe ṣe débẹ̀? Òun ló ṣe ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ wọn, SDP, ní Jos, àwọn gómìnà SDP ló sì fi í sí MKO lọ́rùn. Nígbà tí Abacha dé, ó gba mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ti MKO mọ́lé ní 1994, igbákejì ẹ̀ sì ń bá ìjọba tó tì í mọ́lé kí àwọn aláwọ̀ funfun. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

TÚNDÉ: Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí mi.

RÓNKẸ́: Ní Ìbàdàn tiwa, ta ló jẹ́ pe Ọ̀tún Olúbàdàn ní sípéà? Gbogbo ìlú mọ̀ pé ó lè jọba lọ́la, torí náà wọ́n ti ń wo ìwà ẹ̀ látìgbà tó ti wà nísàlẹ̀. Ojú yẹn ni mo ní ká fi máa wo igbákejì.

TÚNDÉ: Ọ̀rọ̀ sípéà yìí. Ọkọ̀ tí mo rà lọ́dún yìí, ẹ ṣí bùútù ẹ̀, kò ní táyà kankan níbẹ̀! Agolo fọ́ọ̀mù kan ni wọ́n jù síbẹ̀.

RÓNKẸ́: Agolo kẹ̀?

TÚNDÉ: Fọ́ọ̀mù ni wọ́n máa fọ́n sínú táyà tó jò, kéèyàn fi rọra délé.

RÓNKẸ́: Ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ní 2022! INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ní kí orúkọ igbákejì wọlé, ó pẹ́ tán, 17 oṣù Kẹfà. Tinubu fi orúkọ Kabir Masari dí àyè ná, Peter Obi fi ti Doyin Okupe. Agolo fọ́ọ̀mù! Ó di oṣù Keje ká tó gbọ́ ní Daura pé Shettima ni Tinubu mú.

TÚNDÉ: Ó sì ṣiṣẹ́. Ibo 8,794,726 ni Tinubu fi wọlé. Atiku tó tètè mú Okowa, tó fi Wike sílẹ̀, gómìnà márùn-ún nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ ló kẹ̀yìn sí i, Mákindé wa wà níbẹ̀.

RÓNKẸ́: Ó ṣiṣẹ́ fún ta ni? Nínú ìjọ wa níbí, àwọn méjì tí wọ́n jọ ń gbé ọmọ ara wọn lọ sílé ìwé, wọn ò kíra wọn mọ́ torí Mùsùlùmí méjì yẹn, Tinubu àti Shettima!

TÚNDÉ: Ṣé Shettima ló ní kí wọ́n má kíra wọn? Gómìnà Borno ọdún mẹ́jọ ni, nígbà Boko Haram. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó lè ṣe é lẹ́ ń wá, òun náà kúnjú ẹ̀. Ẹ̀sìn ẹ̀ nìkan lẹ ń kà.

RÓNKẸ́: Èmi? Túndé, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn? Ọmọ Alhaji ni ọkọ mi!

TÚNDÉ: Ẹ má bínú. Mo sọ ọ́ le jù.

RÓNKẸ́: O sọ ọ́ le. Ṣùgbọ́n... ó wà níbẹ̀. Mi ò tíì fi ojú yẹn wò ó.

TÚNDÉ: Àwa tá à ń jà yìí, ìkankan nínú wa ò tiẹ̀ lè dìbò láti ìhín ní 2023.

RÓNKẸ́: Má rán mi létí. Dúró, fóònù mi ń dún. Túndé! Bàbá Sátidé ni!

TÚNDÉ: Ẹ gbé e! Bóyá táyà wọn ló jò.

RÓNKẸ́: Mi ò gbé e.

TÚNDÉ: Àǹtí, kúlà yín ńkọ́? Ṣebí ọkọ̀ wọn ló wà?

RÓNKẸ́: Yéè! Bùútù wọn ló wà, ibi tó yẹ kí sípéà wà gan-an! Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Hẹ́lò? Ẹ káalẹ́ sà.