Géèmù oníwà ipá àti ọmọdé: ibi tí òfin títà kò dé

Ẹ wo páálí géèmù tó wà lójú fídíò yìí. Ní igun ìsàlẹ̀, lápá òsì, ẹ máa rí àpótí funfun kékeré kan tí wọ́n kọ lẹ́tà M sí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti pé ọdún 17 ni wọ́n ní kó gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀. Ẹ yí páálí náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí: ẹ̀jẹ̀, ìwà ipá tó le, ọ̀rọ̀ rírùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 12 bá gbé páálí yìí lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó, tí òǹtajà sì tà á fún un, òǹtajà náà kò rú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kankan. Ìlànà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan ló rú. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò ṣàdédé wáyé. Nígbà tí ọdún 1993 ń lọ sópin, àwọn sẹ́nétọ̀ Joseph Lieberman àti Herb Kohl pe àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù wá síwájú ìgbìmọ̀ ní Washington. Mortal Kombat wà lára àwọn géèmù tó dá wàhálà sílẹ̀ jù. Nínú rẹ̀, ẹni tó borí lè fa orí ọ̀tá rẹ̀ yọ tòun teegun ẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ ò lọ́jú pọ̀: ẹ tún ilé yín ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìjọba á bá yín tún un ṣe. Ní 1994 ni wọ́n dá ESRB sílẹ̀, àjọ tó ń fún géèmù ní àmì ọjọ́ orí. Àwọn oníṣẹ́ géèmù fúnra wọn ló ni ín, kì í ṣe ìjọba. E wà fún gbogbo ènìyàn, T bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 13, M láti 17, AO láti 18.

Àwọn tó ń fún géèmù ní àmì yìí kì í gbá a tán kí wọ́n tó pinnu. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù ló máa dáhùn ìwé ìbéèrè gígùn kan, á sì fi fídíò àwọn ibi tó burú jù nínú rẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tí àwọn olùyẹ̀wò máa wò nìyẹn. Bí ilé-iṣẹ́ bá wá fi nǹkan pamọ́ ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ ní 2005. Wọ́n rí ìbálòpọ̀ tó fara pamọ́ sínú Grand Theft Auto: San Andreas, ní oṣù keje ọdún yẹn sì ni ESRB yí àmì rẹ̀ kúrò ní M sí AO. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá kó o kúrò lórí àtẹ. Ariwo náà ò tíì lọ sílẹ̀ nígbà tí California gbé òfin tirẹ̀ dé.

Aṣòfin Leland Yee ló gbé e wá. Ní oṣù kẹwàá 2005, Gómìnà Arnold Schwarzenegger buwọ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà tó fi ìbọn pa àìmọye ènìyàn nínú fíìmù. Òfin náà sọ pé wọn ò gbọdọ̀ ta géèmù oníwà ipá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, wọn ò sì gbọdọ̀ fi yá a. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 1,000 dọ́là lórí géèmù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ní kí wọ́n lẹ nọ́ńbà 18 mọ́ iwájú páálí, kó tó ínǹṣì méjì lóròó àti níbùú.

Kí ni wọ́n wá ń pè ní géèmù oníwà ipá? Ibẹ̀ gan-an ni òfin náà ti ń mẹ́hẹ. Wọ́n ní ó jẹ́ géèmù tí ẹni tó ń gbá a ti lè pa àwòrán ènìyàn, kó ṣe é léṣe, kó gé ẹ̀yà ara rẹ̀, tàbí kó fipá bá a lò pọ̀, lọ́nà tó kọjá ohun tí àwùjọ gbà pé ó yẹ ọmọdé, tí géèmù náà lápapọ̀ kò sì ní láárí kankan fún ọmọdé. Ẹ fi ara yín sí ipò òǹtajà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tó ní láárí àti èyí tí kò ní láàárín igba géèmù tó wà lórí àtẹ? Bó bá sì jẹ́ òbí, òbí àgbà, àǹtí tàbí ọ̀ńkù ọmọ ló gbé e fún un, òfin kò bá a wí. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni kì í ṣe àǹtí tàbí ọ̀ńkù ọmọ?

Òfin yìí ò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní January 2006, àmọ́ àwọn oníṣòwò géèmù ti gbé e lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì ti dá a dúró kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹjọ́ náà ń gòkè títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2011, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án wọ́gi lé òfin náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé ẹjọ́ sọ pé géèmù kò léwu. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Adájọ́ Antonin Scalia kọ fún àwọn tó pọ̀ jù ni pé géèmù jẹ́ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé àti fíìmù, nítorí náà ìwé òfin Amẹ́ríkà dáàbò bò ó. Ìjọba tó bá fẹ́ dí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́nà ní láti fi ẹ̀rí hàn pé ewu tó dájú wà, kó sì fi hàn pé òfin òun bá ewu náà mu rẹ́gí. Láti 1968 ni ilé ẹjọ́ yìí ti gbà kí ìpínlẹ̀ fi òfin dá títa ìwé ìròyìn oníhòòhò fún ọmọdé dúró. California fẹ́ gba ọ̀nà yẹn kọjá. Scalia kọ̀: ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ lọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ ìwà ipá lọ̀tọ̀, ó ṣe tán, àlọ́ tí wọ́n ń pa fún ọmọ kékeré ní Yúróòpù kún fún un. Ó mẹ́nu ba àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ti àjẹ́ sínú ààrò tó ń jó.

Adájọ́ Stephen Breyer ò gbà. Ó béèrè pé kí ló dé tí òfin fi lè ní kí wọ́n má ta àwòrán obìnrin oníhòòhò fún ọmọ ọdún 13, àmọ́ tí kò lè ní kí wọ́n má ta géèmù tí ọmọ náà á ti fọwọ́ ara rẹ̀ de obìnrin, tí á fi ìyà jẹ ẹ́, tí á sì pa á? Lójú tiwa, kò sẹ́ni tó fún ìbéèrè yẹn ní èsì gidi. Òfin California ni kò dára tó láti gbé e dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rí tí wọ́n kó wá. Ọ̀kan lára ìwádìí náà fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá géèmù oníwà ipá ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí lẹ́tà kan fò nínú rẹ̀: explo_e. Ẹni tó bá fi D dí i ti kọ “bú gbàmù”. Ẹni tó bá fi R dí i ti kọ “ṣàwárí”. Àwọn tó gbá géèmù oníwà ipá lo D ju àwọn yòókù lọ. Scalia fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìró bọ́ǹbù, kí lẹ fẹ́ kó kọ?

Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n máa ń lò ni ariwo. Wọ́n á ní kí ènìyàn méjì díje bọ́tìnnì títẹ̀. Ẹni tó bá borí ló máa yan bí ariwo tí ẹnì kejì máa gbọ́ á ṣe pọ̀ tó àti bí á ṣe pẹ́ tó. Àléébù rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Olùwádìí kan lè ka bí ariwo ṣe pọ̀ tó nìkan, òmíràn lè ka bó ṣe pẹ́ tó, òmíràn á sọ méjèèjì di púpọ̀ ara wọn, òmíràn á mú ìgbà àkọ́kọ́ nìkan. Lórí àkọsílẹ̀ kan náà, èsì lè yàtọ̀ síra.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí àkọlé pé “ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀”, ẹ béèrè ohun tí wọ́n wọ̀n. Ní 2018, àwọn olùwádìí kó ìwádìí 24 tó kan àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 17,000 jọ, wọ́n sì rí ìsopọ̀ díẹ̀ láàárín géèmù oníwà ipá àti ìjà gidi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ti Oxford wo ọ̀dọ́ 1,004 ní Ìlú Ọba, àwọn ọmọ ọdún 14 àti 15. Àmì ọjọ́ orí tó wà lára géèmù ni wọ́n fi mọ bí ìwà ipá inú rẹ̀ ṣe tó, wọ́n sì béèrè ìwà ọmọ lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀. Wọn ò rí ìsopọ̀ kankan. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ti Amẹ́ríkà tún ọ̀rọ̀ wọn sọ: ìsopọ̀ kékeré wà pẹ̀lú ìwà bíi kíké mọ́ni àti títini, àmọ́ ẹ̀rí ò tó láti so géèmù mọ́ ìwà ipá ńlá bíi pípa ènìyàn nípakúpa.

Ṣé àwọn ọmọ wá ń rà á fàlàlà láìsí òfin? Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ìṣòwò máa ń rán àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 wọ ṣọ́ọ̀bù láìsọ fún òǹtajà. Ní 2000, ìdá 85 nínú 100 wọn ló rí géèmù M rà. Nínú àbájáde tó jáde ní 2011, ó ti já sí 13. Ìdá 38 ló rí díìsì fíìmù tí kò yẹ fún wọn rà nínú ìdánwò kan náà. Ìlànà àwọn ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn ló ṣe é.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. PEGI ni àmì ọjọ́ orí tí wọ́n ń lò fún géèmù ní Yúróòpù. Láti oṣù keje 2012, àmì PEGI 12, 16 àti 18 ti ní agbára òfin lẹ́yìn níbẹ̀. Òǹtajà tó bá ta géèmù 18 fún ọmọ ọdún 15 ti ṣẹ̀, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. PEGI 3 àti 7 jẹ́ ìmọ̀ràn lásán. Ẹ̀yin òbí tó wà ní London tàbí Manchester, òfin kò ní bá yín wí bí ẹ bá fún ọmọ yín ní géèmù 18 nínú ilé. Ẹni tó ń tajà ló kàn. Òfin fídíò ti ọdún 1984 tí gbogbo èyí dúró lé, ní 2009 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àwọn ò fi tó Ìgbìmọ̀ Yúróòpù létí bó ṣe yẹ, wọ́n sì ní láti tún un ṣe lákọ̀tun ní January 2010. Ọdún 25 gbáko!

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé díìsì inú páálí ni òfin Ìlú Ọba yìí ń ṣọ́. Géèmù tí ọmọ gbà sórí ẹ̀rọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gba ọwọ́ òǹtajà kankan kọjá. Ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ sínú àkáǹtì ló kù tó lè dá a dúró.

Bí PlayStation 5 bá wà nílé, ẹ lọ sí Settings, kẹ́ ẹ wọ Family and Parental Controls. Ẹ dá àkáǹtì sílẹ̀ fún ọmọ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ yan iye ọjọ́ orí tí géèmù ò gbọdọ̀ kọjá, kẹ́ ẹ sì yan iye tó lè ná lóṣù. Ibi mẹ́ta ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́, nọ́ńbà àṣírí tí ẹ̀rọ náà bá wá láti ilé-iṣẹ́ ni 0000, ọmọ yín sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì, bí ẹ ò bá ti User Creation and Guest Login pa, ọmọ á dá àkáǹtì tuntun, á sọ ara rẹ̀ di ẹni ọdún 25. Ẹ̀kẹta, àkáǹtì tiyín tí kò ní nọ́ńbà àṣírí: ó máa wọ ibẹ̀ lọ tààrà. Ti Nintendo Switch àkọ́kọ́ tún yàtọ̀, torí gbogbo ẹni tó bá lo ẹ̀rọ ni ìdènà rẹ̀ ń mú. Ẹ̀yin náà ní láti tẹ nọ́ńbà kẹ́ ẹ tó gbá tiyín.

Ní Nàìjíríà, fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń gbá géèmù. Ẹ ṣí Google Play, ẹ wọ Settings, Family, Parental controls, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà àṣírí sí i. Fóònù yẹn nìkan ló máa mú, kì í sì í yọ géèmù tó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Géèmù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi Xender gbé ránṣẹ́ sí i kò gba Google Play kọjá rárá. Inú Settings fóònù fúnra rẹ̀ lẹ ti máa dínà fífi áàpù láti ibòmíràn sí i.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ẹ wọ àkáǹtì ọmọ náà, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti ṣí géèmù 18 kan. Bó bá ṣí, ọjọ́ ìbí inú àkáǹtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún yẹ̀ wò.