Kí Olówó Má Tètè Dé: Bí Ìtàn Ìfẹ́ Onígbàgbọ́ Ṣe Ń Dúró

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti Kubwa ní Abuja níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ ohùn mi, ẹ jọ̀ọ́, ti aládùúgbò ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìfẹ́ la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe èyí tí ọmọ ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí kí màmá má bàa rí i. Èyí tí màmá fúnra rẹ̀ ń yá ọmọ kà ni mò ń wí: ìtàn ìfẹ́ onígbàgbọ́, tí àwọn àfẹ́sọ́nà inú rẹ̀ ń la ìṣòro kọjá, tí òǹkọ̀wé sì ń ti ilẹ̀kùn yàrá kí ọ̀rọ̀ tó kọjá ààlà. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọjà ńlá ni. Janette Oke, ọmọ Kánádà, wà lára àwọn tó la ọ̀nà fún un nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1979. Lọ́dọ̀ tiwa, orí fóònù la ti ń kà á, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mararaba sí Nyanya, níbi tí èèyàn ti lè ka orí méjì kí ọkọ̀ tó sún.

Àwọn kan rò pé kí ìtàn mọ́ ni iṣẹ́ tó le jù. Rárá o. Èdè tó ń sọ pé obìnrin "ti fẹ́ra kù" dípò kó pe oyún lóyún ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bo ọ̀rọ̀. Ìgbàgbọ́ gan-an ló ṣòro kọ.

Ẹ wo ìwé Rutu. Láti 1884 tí odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá la ti ń kà á, àmọ́ a máa ń sáré kọjá ibi tó dùn jù. Ìyàn lé ìdílé kan kúrò ní Bẹtilẹhẹmu lọ sí Moabu. Baba kú. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì kú. Ó ku opó mẹ́ta. "Ibi tí ìwọ bá lọ ni èmi yóò lọ" tí a máa ń kà níbi ìgbéyàwó yẹn, Naomi ìyá ọkọ rẹ̀ ni Rutu sọ ọ́ fún, kì í ṣe ọkùnrin kankan. Naomi padà délé, ó ní kí wọ́n má pe òun ní Naomi mọ́, Mara ni kí wọ́n máa pe òun, torí Olódùmarè ti fi ìkorò bá òun lò. Onígbàgbọ́ ló ń ráhùn báyẹn, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Kò sí áńgẹ́lì nínú ìtàn náà, kò sí àlá, kò sí wòlíì tó ríran. Ọmọbìnrin kan ló ń ṣa ọkà báálì lẹ́yìn àwọn olùkórè, Boasi, olówó tó ni oko náà, sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ máa jẹ́ kí díẹ̀ bọ́ sílẹ̀ fún un. Lójú tèmi, kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó jù ìyẹn lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Abuja. Ká ní Sístà Mojísọ́lá kan wà ní Karu tó ń ránṣọ. Bùrọ̀dá Túndé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Lugbe, ti dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Wọ́n ti gbàdúrà, ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ìjọ ti gbọ́, àwọn òbí ní Kàbà ti ń ka owó aṣọ ẹbí. Ìjọ ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n mọ jẹ́nótáìpù wọn. Èsì dé: AS, AS.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń sá. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó lè fi àrùn ẹ̀jẹ̀ kan ran ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ṣe é. Bí AS bá fẹ́ AS, ewu pé ọmọ á jẹ́ SS nínú oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. SS yìí ni àrùn ẹ̀jẹ̀ náà (sickle cell), òun ni àwọn baba wa ń pè ní fònìkúfọ̀ladìde. Kò sí ọ̀dàlẹ̀ nínú ìtàn yìí, kò sí àjẹ́, kò sí ìyá ọkọ burúkú. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, wọ́n fẹ́ràn Ọlọ́run, ẹ̀jẹ̀ ló ní rárá. Òǹkọ̀wé tó ń kánjú á gbé wọn lọ sí ìsọjí, pásítọ̀ á gbọ́wọ́ lé wọn, èsì kejì á di AA. Ó ti pa ìtàn nìyẹn. Ó sì lè kó bá tọkọtaya gidi kan tó ń kà á. (Ilé àyẹ̀wò máa ń ṣì í nígbà mìíràn lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kéèyàn tún un ṣe níbòmíràn. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.)

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kà. Ṣé Mojísọ́lá á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ta ló máa jókòó tì í? Kí ni yóò ṣe sí aṣọ ìyàwó tó ti gé kalẹ̀? Bí wọ́n bá dá orin ìyìn, ṣé ẹnu rẹ̀ á là?

Àwọn obìnrin Kano tó ń kọ littattafan soyayya, ìyẹn ìwé ìfẹ́, ní Hausa mọ irú èyí dáadáa. Orogún, ìgbéyàwó ipá, owó oúnjẹ: wọ́n ń dárúkọ nǹkan. Ẹ jẹ́ káwa náà dárúkọ. "Wọ́n tòṣì" kò tó. Nígbà tí wọ́n yọ ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, lítà kan ní Abuja fò láti bíi 195 náírà sí 537. Ẹ jẹ́ kí Túndé máa fẹsẹ̀ rin ìdajì ọ̀nà lọ síbi iṣẹ́, kó má sọ fún ẹnì kankan, kó sì ṣì máa mú búrẹ́dì dání wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna, oṣù kẹwàá sì ti dé kí wọ́n tó dá àwọn tó kù lára àwọn tí wọ́n kó lọ sílẹ̀. Ẹni tó dúró de èèyàn rẹ̀ ní gbogbo oṣù yẹn lè jókòó tì yín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Bí ẹ bá máa kọ irú rẹ̀, ẹ kọ ìdúró náà, ẹ kọ fóònù tí kò dún. Ẹ má fi ìbọn ṣe ọ̀ṣọ́.

Mojísọ́lá ńkọ́? Mo ti kọ ọ́ dé ọjọ́ Ajé. Màmá kan nínú ìjọ gbé ìró mẹ́ta wá fún un, ó ní kó bá òun ká etí wọn. Mojísọ́lá yẹ̀ wọ́n wò: kò sí ìkankan tí etí rẹ̀ tú. Kò sọ nǹkan kan. Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́.