Èló ni tìrẹ nínú owó tó wà létí ìró?

Ẹ káàbọ̀ o. Ògbómọ̀ṣọ́ la wà lónìí, lọ́jà Jagun. Ẹ wo ìyá oní-gàrí yẹn, tó ń so owó mọ́ etí ìró. Ẹ bi í pé èló ló pa, á dá yín lóhùn kíá. Ẹ wá bi í pé èló ni tirẹ̀ nínú ẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ₦40,000 ló ra àpò kan. Ó fi kóńgò wọ̀n ọ́n tà tán, ó pa ₦46,000. Mọ́tò, aláàárù, náílọ̀n àti owó ìsọ̀ kó ₦3,000 lọ. ₦43,000 ló kù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ₦3,000 péré lèrè. Ojú owó nìyókù.

Ìsọmọlórúkọ dé, ó yọ ₦5,000. Ọbẹ̀ ilé gba ₦3,000. Kò ná ìnákúnàá o, ẹ má bá a wí. Àmọ́ ₦35,000 ló kù, àpò gàrí sì ń bẹ ní ₦40,000. Ibẹ̀ lolówó èlé ti ń rọ́nà wọlé, àwọn sọ̀gúndógójì. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù náà ò sàn jù wọ́n lọ. Àwọn kan nínú wọn a tiẹ̀ máa pe àna ẹni láti fi gbèsè dójú tini.

Ọjà sì tún ń gun. Bí àpò yẹn bá di ₦42,000 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ₦2,000 nínú èrè ti padà sínú ojú owó nìyẹn. ₦1,000 ló lè jẹ. Èmi gan-an ò mọ èyí nígbà tí mò ń ta káàdì fóònù ní àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo rò pé mò ń jèrè ni, títí páálí fi ṣófo.

Ẹ má jẹ́ kí owó ọjà àti owó ọbẹ̀ sùn nínú àpò kan. Ẹ bu iye kan fún ara yín lọ́sẹ̀ bí ẹni gba owó iṣẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ọmọ tó ti kún náà tó.

Àjọ ńkọ́? Káàdì alájọ sábà máa ń ní ojú 31. Bí ẹ bá ń dá ₦500 lójúmọ́, ₦15,500 ni. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan, ẹ ó kó ₦15,000. Àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni. Lójú tèmi, owó ẹsẹ̀ tó fi ń wá yín kiri ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bó bá sá lọ, ta ló máa san án? Báńkì màíkírófáínáǹsì tó níwèé àṣẹ, NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san owó oníbàárà padà bí báńkì bá wọlé, ló dúró fún un, títí dé ₦2 mílíọ̀nù fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan láti 2024. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ yẹn kí ẹ tó tú etí ìró.