Ọmọ Ọdún 16 Lórí Àpótí Ẹlẹ́rìí: Ìwé Ìtàn Àwọn Ọ̀dọ́ lórí Ọlọ́pàá àti Ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Amẹ́ríkà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí Starr Carter pé ọmọ ọdún 12, ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn òbí rẹ̀ pè é jókòó sọ fún un. Àkọ́kọ́ ni èyí tí òbí ibi gbogbo máa ń tì síwájú tì sẹ́yìn kí wọ́n tó sọ: bí obìnrin ṣe ń lóyún. Èkejì ni ohun tí yóò ṣe bí ọlọ́pàá bá dá a dúró. Kó ṣe ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Kó gbé ọwọ́ méjèèjì síbi tí wọ́n á ti rí i. Kó má mira lójijì. Bí wọn ò bá bi í léèrè, kó má sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ náà ti kéré jù fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Bàbá ní bó ṣe kéré tó, wọ́n lè mú un, wọ́n sì lè yìnbọn fún un.

Ìtàn àròsọ ni o. The Hate U Give ni orúkọ ìwé náà. Angie Thomas, ọmọ ìlú Jackson ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 2017. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yẹn kì í ṣe àròsọ. Ó pẹ́ tí àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn, pàápàá bí ọmọ bá ti ń súnmọ́ ọmọ ọdún 16, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń fún ọ̀dọ́ ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ọmọ òyìnbó tó bá gba ìwé yẹn ti gba òmìnira nìyẹn. Ti ọmọ aláwọ̀ dúdú, ìyá rẹ̀ ò ní sùn títí yóò fi wọlé.

Starr náà pé 16. Òun àti Khalil, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ń bọ̀ láti òde àríyá lóru nígbà tí ọlọ́pàá kan dá wọn dúró, ó ní iná ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn ti bàjẹ́. Ó ní kí Khalil bọ́ sílẹ̀. Bí ọlọ́pàá náà ṣe kẹ̀yìn sí i, Khalil ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ láti bi Starr bóyá kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí ọlọ́pàá ní òun rò pé ìbọn ni, búrọ́ọ̀ṣì ìyarun ni.

Orí kejì ìwé ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ tán. Ìwé náà sì lé ní 400 ojú ìwé. Kí ló wá kún inú ìyókù? Ohun tí mo bá wá síbí lónìí nìyẹn. Lójú tèmi, ikú ọmọ kọ́ ni àwọn ìwé wọ̀nyí dá lé. Ìjà lórí ẹni tí yóò ròyìn bó ṣe kú ni wọ́n dá lé.

Ìbọn pa ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ìròyìn tó tẹ̀lé e tún un pa. Ara Khalil ò tíì tutù tán tí tẹlifíṣọ̀n fi ń pè é ní ẹni tó ń ta oògùn olóró. Bàbá ọlọ́pàá náà jókòó níwájú kámẹ́rà, ó ní ọmọ dáadáa lọmọ òun, ẹ̀rù ló bà á, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń gbà là. Ẹ wò ó: ọlọ́pàá yẹn ní bàbá tó ń bá a sọ tirẹ̀. Ta ni Khalil ní tó wà níbẹ̀ tó rí i? Starr nìkan, ẹ̀rù sì ń ba Starr. Nílé ẹ̀kọ́ àwọn olówó tó ń lọ, níbi tí aláwọ̀ dúdú ò ti tó nǹkan, ó díbọ́n pé òun ò mọ Khalil rí. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé gbé lé ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́ ni pé kó mú ẹjọ́ ẹnì kejì wá. Ó sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó tún sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ará ìlú tí òfin Amẹ́ríkà máa ń yàn láti pinnu bóyá ó yẹ kí wọ́n gbé ènìyàn lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ọlọ́pàá kò ní ẹjọ́ kankan í jẹ́.

Ibi tí ìwé náà ti ṣẹ̀ wá jọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2009, ọlọ́pàá ọkọ̀ ojú irin kan yìnbọn pa Oscar Grant, ọmọ ọdún 22, ní ibùdó Fruitvale nílùú Oakland, níbi tó ti dojú bolẹ̀, tí àwọn èrò ọkọ̀ ń fi fóònù gbà á sílẹ̀. Wọ́n dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi ìpànìyàn tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, wọ́n sì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Thomas wà ní Yunifásítì Belhaven nígbà náà. Ládùúgbò rẹ̀, wọ́n ka Oscar sí ọ̀kan lára wọn. Nílé ẹ̀kọ́, tí òyìnbó pọ̀ sí, ó ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ṣebí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, bóyá ó tọ́ sí i. Ìbínú yẹn ló fi kọ ìtàn kúkúrú kan, òun ló padà di ìwé yìí.

Ibi tí mo ti kan sáárá sí i jù ni pé kò sọ Khalil di áńgẹ́lì. Khalil ta oògùn olóró lóòótọ́. Gbèsè tí ìyá rẹ̀ jẹ olórí jàǹdùkú àdúgbò ló tì í síbẹ̀. Òǹkọ̀wé tó ń wá ọ̀nà tó rọrùn ìbá fún wa ní ọmọ tó mọ̀wé, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ká lè rí i sunkún fún láìyọ ara wa lẹ́nu. Àmọ́ ẹni tó bá gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti gbà ní kọ̀rọ̀ pé ẹni tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa yìnbọn fún un. Mo ti ka àwọn ìwé tó jìn sí kòtò yẹn. N ò ní dárúkọ wọn.

Kì í ṣe 2017 ni ọ̀nà yìí là. Ní 1999 ni Walter Dean Myers, tó dàgbà sí Harlem, àdúgbò aláwọ̀ dúdú ní New York, gbé Monster jáde. Steve Harmon, ọmọ ọdún 16, wà látìmọ́lé. Wọ́n ní òun ló lọ ṣọ́nà fún àwọn tó ja ilé ìtajà oògùn lólè, tí ẹni tó ni ín sì kú. Agbẹjọ́rò ìjọba pè é ní abàmì ẹ̀dá níwájú adájọ́. Steve, tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù nílé ẹ̀kọ́, bá sọ ẹjọ́ ara rẹ̀ di eré tí wọ́n fẹ́ yà: ta ló wọlé, ibo ni kámẹ́rà dojú kọ, kí ni adájọ́ wí. Gbogbo ilé ẹjọ́ ń wò ó, òun náà gbé kámẹ́rà, ó ń wò wọ́n padà. Nígbẹ̀yìn, wọ́n dá a sílẹ̀. Ó na ọwọ́ láti dì mọ́ obìnrin agbẹjọ́rò tó gbà á sílẹ̀. Obìnrin náà yíjú kúrò. Ìwé yìí ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Printz, tí wọ́n ń fún ìwé àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2000. Ní oṣù Kẹta 2014, oṣù mélòó kan kó tó kú, Myers kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn New York Times pé nínú ìwé 3,200 tí wọ́n tẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní 2013, 93 péré ló jẹ mọ́ aláwọ̀ dúdú.

All American Boys ti 2015 ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Àwọn méjì ló kọ ọ́: Jason Reynolds, aláwọ̀ dúdú, àti Brendan Kiely, òyìnbó. Rashad wọ ilé ìtajà láti ra ìpápánu. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ tó ń wá fóònù nínú báàgì rẹ̀, obìnrin òyìnbó kan kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ní olè ni, ó gbé e síta, ó lù ú títí egungun rẹ̀ fi ṣẹ́. Quinn, ọmọ òyìnbó, dúró ó ń wò. Ọlọ́pàá yẹn ló dà bíi bàbá fún un látìgbà tí bàbá tó bí i ti kú sógun ní Afghanistan. Ẹlẹ́rìí wo ni yóò ta ko ẹni tó tọ́ ọ? Reynolds àti Kiely ò yára dáhùn. Orí dé orí, Quinn ń sá fún ohun tó fojú ara rẹ̀ rí.

Bàbá Rashad tún wá yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tó dé ọsibítù, ọmọ ló kọ́kọ́ ń bá wí. Ó pẹ́ kó tó jẹ́wọ́: òun náà ti ṣe ọlọ́pàá rí, òun náà sì ti yìnbọn fún ọmọ aláwọ̀ dúdú kan tó na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀. Oògùn ikọ́ fée ni ọmọ náà ń wá. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé fúngbà díẹ̀. Ó hàn níbẹ̀ pé ojú tí wọ́n ti kọ́ láti máa fi wo ọmọ aláwọ̀ dúdú, aláwọ̀ dúdú pàápàá lè fi wò ó.

Ojú yẹn kì í rí ọmọdé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2014, ẹnì kan pe ọlọ́pàá nílùú Cleveland pé ẹnì kan ń fi ìbọn ṣeré ní pápá ìṣeré. Ó sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìbọn náà jẹ́ ayédèrú, kí onítọ̀hún sì jẹ́ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn kò dé etí àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n rán lọ. Bí ọkọ̀ wọn ṣe dúró ni ìbọn dún. Lórí rédíò, wọ́n ní ọkùnrin bí ọmọ 20 ọdún ni. Tamir Rice ni, ọmọ ọdún 12.

Orúkọ Tamir ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Tomi Adeyemi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ Children of Blood and Bone tó kọ ní 2018, ìtàn idán ni ẹ sì mọ̀ ọ́n sí: ilẹ̀ tó ń jẹ́ Orïsha, àwọn tí irun wọn funfun tí ọba ń fi owó orí àti idà ni lára, ọfọ̀ tí wọ́n ń pè lédè wa. Ẹ yáa ṣí ẹ̀yìn ìwé náà. Òǹkọ̀wé sọ ọ́ níbẹ̀ kedere pé ìgbà tí ìròyìn kún fún aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa ni òun kọ ọ́. Ó ní ẹni tó bá sunkún àwọn ọmọ inú ìtàn, kó sunkún Jordan Edwards, Tamir Rice àti Aiyana Stanley-Jones náà, ọmọ ọdún 15, 12 àti 7. Bí ẹ bá padà ka ìwé náà lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba yẹn á jọ ẹni tí ẹ mọ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn náà ò dákẹ́. Ní 2018, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ní agbègbè Charleston, South Carolina, ta ko ilé ẹ̀kọ́ girama kan tó fi The Hate U Give àti All American Boys sára ìwé tí àwọn ọmọ lè kà nígbà ìsinmi. Ní 2020, ìwé méjèèjì wà lára 10 tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà kà sí èyí tí wọ́n ta kò jù. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ti Thomas ni èébú àti pé ó kórìíra ọlọ́pàá. Ẹ rántí pé ọlọ́pàá ni Carlos, arákùnrin ìyá Starr, tó bá wọn tọ́ Starr nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n. Ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú àwọn tó fẹ̀sùn náà kàn án kò ka ìwé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà ìbéèrè, olùkọ́ kan dìde, ó ní ọlọ́pàá tiwa ńkọ́, ṣé a ti gbàgbé SARS àti oṣù Kẹwàá 2020 ni? A ò gbàgbé. Ikú kan náà ni, irọ́ tó ń tẹ̀lé e náà sì jọra: wọ́n á ní ọmọ Yahoo ni. Àmọ́ níbí, ohun tí wọ́n ń wò ni kọ̀ǹpútà tó wà nínú báàgì rẹ àti irun tó wà lórí rẹ. Ọmọ lè fi kọ̀ǹpútà sílé, ó lè gé irun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kó ṣe é. Ọmọ Amẹ́ríkà yẹn kò rí awọ ara rẹ̀ bọ́.

Arábìnrin kan tún bi mí pé èwo ni òun lè gbé wọ kíláàsì. Monster ni. Kò gùn, eré ni wọ́n sì kọ ọ́ bí, ẹ lè pín in fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa kà á sókè: ọ̀kan adájọ́, ọ̀kan Steve, ọ̀kan agbẹjọ́rò ìjọba. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ ní kí wọ́n dìbò bóyá Steve jẹ̀bi, kí ẹni kọ̀ọ̀kan sì tọ́ka sí ojú ìwé tó gbára lé. The Hate U Give, ẹ fi dúró de àwọn ọmọ SS2, nítorí èébú inú rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́.